Gọ́ọ̀mù àti ìdí kábúrétọ̀: èmi kì í fi sí i, ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀

Mi kì í fi gọ́ọ̀mù sí ìdí kábúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń ka èyí lọ́wọ́ báyìí, ó ti tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, nọ́ọ̀tì méjì wà nínú ìdérí ike, túùbù gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ kan, fóònù wà lọ́wọ́ kejì, kò sì ní sùúrù fún àlàyé gígùn. Ẹ má fi sí i. Ẹ wá gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ìyẹn bébà tó máa ń wà láàárín irin méjì, ẹ nu ojú irin méjèèjì kó mọ́ kó sì gbẹ, ẹ tò ó padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ mú nọ́ọ̀tì yẹn díẹ̀díẹ̀, tọ̀tún tòsì, ó parí. Ẹni tó bá ráyè ni kó bá mi kálọ, torí ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu tipẹ́.

Gọ́ọ̀mù tí mò ń sọ ni èyí tó máa ń wà nínú túùbù, dúdú, pupa, búlúù, eérú, tó máa ń di rọ́bà tó bá gbẹ, tí wọ́n sábà máa ń kọ RTV sí lára. Silikóònù ni. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un gan, àwọn kan nínú wọn sì máa ń rùn kíkan bíi fínígà bí wọ́n ṣe ń gan lọ. Nǹkan tó dáa ni o, ẹ má gbọ́ mi sódì. Ìdí ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ́ìlì ń gbé, kọ́fà tó bo ṣéènì táímìnì, àwọn igun tí irin méjì ti pàdé tí gásíkẹ́ẹ̀tì ò lè dé dáadáa, gbogbo ibẹ̀ ni mo ti ń lò ó, inú mi sì ń dùn sí i. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì gan-an ń lò ó níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Torí ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe gbà pé tó bá ti dáa níbẹ̀, kò síbi tí kò ti ní dáa. Ẹni tó ti bá wọn ṣe ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) àtijọ́ rí á sọ fún yín pé òun fi gọ́ọ̀mù sí abẹ́ máńfóòdù, irin tó ń pín afẹ́fẹ́ àti epo wọ inú ẹ́ńjìnnì, níwájú àti lẹ́yìn, kò sì sí nǹkan tó ṣe é. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe epo pẹtiróòlù, kò sì sí ẹni tó fi gọ́ọ̀mù yí ihò tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ká níbẹ̀. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lára ẹ́ńjìnnì kan náà.

Ká wá bi ara wa, kí tiẹ̀ ni gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí kábúrétọ̀ ń ṣe? Ọ̀pọ̀ ló rò pé epo ló ń dí kó má baà jò síta. Rárá o. Epo tó bá fi máa dé ibẹ̀ ti fọ́nká mọ́ afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì sì ń fà á lọ, kò ráyè jò. Afẹ́fẹ́ ìta ni gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn ń dí kó má ráàyè wọlé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní síló, tí ẹnikẹ́ni ò tẹná, àwo pẹlẹbẹ inú kábúrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pádé tán, písítìnnì sì ń fà lẹ́yìn ẹ̀, ó ń fà, ohun tó ń rí fà ò tó nǹkan. Ẹ fi géèjì tó ń wọn ìfàsí sí máńfóòdù mọ́tò tí ara ẹ̀ dá, ẹ máa rí nǹkan bí 17 sí 21 íǹṣì mẹ́kúrì. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká lápapọ̀ ò ju bí 30 íǹṣì lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. Ìyẹn ni pé ohun tó kù nínú máńfóòdù lásìkò yẹn ò tó ìdajì ohun tó wà níta, ìta wá ń wá ojú ihò èyíkéyìí tó bá máa gbà wọlé, kódà kó tín-ínrín bí irun.

Afẹ́fẹ́ tó bá sì gba ibẹ̀ wọlé, kábúrétọ̀ ò mọ̀ nípa ẹ̀ rárá. Èyí tó gba ẹnu kábúrétọ̀ kọjá nìkan ló bu epo fún. Pẹtiróòlù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 sí epo ìwọ̀n 1 kó tó lè jó tán láìṣẹ́kù, tí afẹ́fẹ́ àjèjì bá wá yọjú, epo á kéré jù fún un. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára ẹ̀: síló á máa lọ sókè á máa bọ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, tàbí kó ga láìsọ̀, tàbí kó máa kú lẹ́nu iná tẹ́ ẹ bá dúró. Á máa bú pọ́ọ̀ lẹ́nu kábúrétọ̀. Ẹ yí sikúrù síló títí, ẹ́ńjìnnì á ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò, ẹnu ẹ̀ funfun. Tẹ́ ẹ bá wá tẹná sí i, ó dà bíi pé ara ẹ̀ yá, torí pé àwo yẹn ti ṣí, ìfàsí ti dín kù, èyí tó ń jò ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń gba ọ̀nà ẹ̀ wọlé. Ìyẹn ló máa ń tan ọ̀pọ̀ jẹ, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì yìí dáa, síló ẹ̀ nìkan ni ò dúró, wọ́n á sì máa lò ó bẹ́ẹ̀. Lára ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ epo tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́, ewu ló jẹ́ o, torí inú epo yẹn ni ọ́ìlì tó ń jẹ́ kí písítìnnì máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ wà. Epo dín, ọ́ìlì náà dín, ooru sì pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan á kàn há síbẹ̀ ni.

Tó bá rí báyìí, ẹnì kan á ní ṣebí ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ ká fi gọ́ọ̀mù sí i, kó lè dí pátápátá. Ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n dání, mi ò ní bú ẹni tó bá sọ ọ́. Wàhálà ẹ̀ ni pé gọ́ọ̀mù yìí àti pẹtiróòlù kì í ṣọ̀rẹ́.

Ẹ má gbà á gbọ́ torí pé mo sọ ọ́. Ẹ fún gọ́ọ̀mù yẹn sórí nǹkan tí kò ní lẹ̀ mọ́, ẹ fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì kó gan dénú, ẹ ká a kúrò, ẹ gé e sí méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹ sọ ìkejì sínú ìgò kékeré tí pẹtiróòlù wà, ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tí iná ò lè dé. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Eléyìí tó wà nínú epo á ti wú, á tóbi ju ìkejì ẹ̀ lọ dáadáa, ara ẹ̀ á ti rọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì fún un díẹ̀, ẹ máa rí i bó ṣe ń já kélekèle, tí kò nà mọ́ bíi rọ́bà. Èyí tí kò dé inú epo ṣì ń fà pada bó ṣe yẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wà nínú ìgò yẹn. Ohun tó wú lóju ibi tí irin méjì ti fún un á sáré wá àyè, á tì síwá, á tì sẹ́yìn, tí epo bá gbẹ lára ẹ̀ á tún súnkì, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì àti ooru á sì ṣe ìyókù.

Ẹ tún wo ìhà tó ń lọ. Nídìí ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ́ìlì wà, tí ohunkóhun bá fẹ́ jáde, inú ló ti ń bọ̀ síta. Gọ́ọ̀mù tó bá já níbẹ̀ á ṣubú sílẹ̀, ẹ máa rí i. Nídìí kábúrétọ̀, gbogbo nǹkan ń lọ sínú ni. Àwọn tó tún ń kánjú, tí wọ́n fún gọ́ọ̀mù sí i tí wọ́n sì tan ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kò tíì gan rárá nígbà yẹn. Òde ẹ̀ lè dì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ túùbù ló kọ wákàtí 24 sára kó tó gan dénú, kò sì sẹ́ni tó ń kà á. Ẹ́ńjìnnì á wá máa fa gọ́ọ̀mù tútù bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nǹkan kan tí mi ò kí ń yé sọ fún ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ ni pé, bí gọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ rí tó yọ sí ìta ṣe pọ̀ tó lẹ́yìn tẹ́ ẹ mú nọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀ náà ló yọ sí inú. Ti ìta lẹ máa fi ìka nù, ẹ máa ní iṣẹ́ mọ́. Ta ló máa nu ti inú?

Inú yẹn ò sì ṣófo lásán. Lára ọ̀pọ̀ kábúrétọ̀, ihò tí epo síló ń gbà jáde wà níwájú àwo pẹlẹbẹ yẹn, ní ìhà ti ẹ́ńjìnnì, kò jìnnà sí ojú gásíkẹ́ẹ̀tì. Ihò abẹ́rẹ́ ni. Ẹ wo ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgégi náà, kábúrétọ̀ ẹ̀ ò ní ìkòkò epo, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń lù sókè sódò nínú ẹ̀ ló ń fa epo láti táǹkì, ohun tó sì ń lu awọ yẹn ni mímí inú ẹ́ńjìnnì tó gba ojú ihò kékeré kan lára ìdí kábúrétọ̀ wọlé. Gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ gan-an ní ihò tiẹ̀ fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ńlá. Gọ́ọ̀mù bíńtín tó bá bo ihò yẹn, ẹ fa okùn títí ọwọ́ fi bó, kò ní jí, epo ò dé. Ẹ máa yẹ púlọ́ọ̀gì wò, ẹ máa pààrọ̀ páìpù epo, ẹ máa bú ẹni tó tà á fún yín. Mo ti rí èyí tí ẹni tó ni ín ti ra kábúrétọ̀ tuntun lé e lórí, ó tún fi gọ́ọ̀mù bíi ti àkọ́kọ́ gbé tuntun náà síbẹ̀, kò sì jí náà. Àwọn ẹ́ńjìnnì míì tún ní ewé pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń pa lẹ́nu ọ̀nà ìwọlé, tí èérún gọ́ọ̀mù bá há sábẹ́ ẹ̀, kò ní pa dáadáa mọ́.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀ ni kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí ìkòkò ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, níbi tí epo ń dúró sí, tí fúlóòtì tó ń léfòó lórí ẹ̀ wà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan dé ọwọ́ mi tó ń ṣe bákan náà bíi èyí tó ń fa afẹ́fẹ́, síló ẹ̀ ń lọ ń bọ̀, àfi kéèyàn fa ṣóòkù, tó ń dín afẹ́fẹ́ kù, dé ìdajì kó tó balẹ̀. Mo tú bóòtù ìsàlẹ̀ ìkòkò yẹn, kò jábọ́, gọ́ọ̀mù ló gbá a mú. Nígbà tí mo fi ẹnu sikurudíráfà ṣí i pẹ̀lú sùúrù, gbogbo etí ẹ̀ yíká ni gọ́ọ̀mù pupa ti kún, tinú ẹ̀ ti wú, ó ti pàwọ̀ dà di pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Èérún ẹ̀ ti rì sísàlẹ̀ epo. Mo yọ jẹ́ẹ̀tì síló, irin kékeré oníhò tó ń wọn epo fún síló, mo gbé e sókè sójú iná, mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ihò jẹ́ẹ̀tì yẹn kì í sábà tó ìdajì mìlímítà kan, gọ́ọ̀mù tó wà nínú ẹ̀ ò tó orí abẹ́rẹ́. Wáyà kọ́pà kan ṣoṣo tí mo fà yọ nínú okùn iná ni mo fi tì í jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí wáyà tó bá le jù á ha ihò náà, á sì fẹ̀ ẹ́.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀, tó tún ká mi lára, ni pé jẹ́ẹ̀tì síló tó dí àti ìdí kábúrétọ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́, ohùn kan náà ni wọ́n ń sọ. Epo kéré jù fún afẹ́fẹ́ ni méjèèjì, ẹ́ńjìnnì ò mọ èyí tó fà á. Ẹni tó bá fi gọ́ọ̀mù dí jẹ́ẹ̀tì láìmọ̀ á gbọ́ ohùn yẹn, á ní "háà, ó ṣì ń fa afẹ́fẹ́," á tún fi gọ́ọ̀mù kún un. Bí mo ṣe wo ti jẹnẹrétọ̀ yẹn, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀, torí àwọ̀ gọ́ọ̀mù méjì ni mo bá lára ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan wà nídìí iṣẹ́ yìí tí wọn ò ní gbé kábúrétọ̀ síbẹ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i, ẹ́ńjìnnì wọn sì ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, mo ti wò ó pẹ̀lú ojú mi, síló dúró jẹ́ẹ́. Mo wá ń rò ó pé kí ló dé tí tiwọn kì í bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá wo ọwọ́ wọn dáadáa, ẹ máa rí i pé díẹ̀ bíńtín ni wọ́n ń fi sí i, wọ́n á ti fi ìka fà á tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé àwọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ṣì ń hàn lábẹ́ ẹ̀, etí òde ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n sì ti ha ojú irin yẹn mọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ló ṣiṣẹ́, ojú irin tó mọ́ ló ṣiṣẹ́, ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú nọ́ọ̀tì ló ṣiṣẹ́. Gọ́ọ̀mù kàn wà níbẹ̀ ni. Ọmọ iṣẹ́ tó dúró sẹ́yìn wá rí gọ́ọ̀mù nìkan, torí òun ló ní àwọ̀, nígbà tó bá dá dúró á fún un bí ẹni ń fún ọṣẹ ìfọyín, láìha ojú irin, lórí gásíkẹ́ẹ̀tì àná tó ti ya. Tẹ́ ẹ bá bi í, á ní bí ọ̀gá òun ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ó tún yẹ ká sọ òótọ́ pé gọ́ọ̀mù máa ń fi ọkàn èèyàn balẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì bébà gbígbẹ láàárín irin méjì, ó dà bíi pé kò tó. Èèyàn á rò pé tí mo bá tún fi nǹkan kan lé e, kò lè burú. Ṣùgbọ́n tí ìdí kábúrétọ̀ bá ń fa afẹ́fẹ́ pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, nǹkan kan ló fà á, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ pé ojú irin ni kò tẹ́jú mọ́.

Kábúrétọ̀ kò le. Alumínọ́ọ̀mù tàbí síńkì tí wọ́n dà sínú móòdù ni púpọ̀ nínú wọn, etí méjèèjì tí bóòtù ń gbà kọjá sì yọ jáde lápá ọ̀tún àti òsì láìsí ohun tó tì wọ́n lẹ́yìn. Ẹni tó bá fi sípánà gígùn mú nọ́ọ̀tì yẹn títí tó fi ké, etí yẹn ló ń tẹ̀ síwájú. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó bá nípọn tó sì rọ̀, tàbí tí wọ́n fi méjì lé ara wọn, á tún jẹ́ kó rọrùn láti tẹ̀. Àárín, níbi tí ihò ńlá wà, á wá jìn sẹ́yìn díẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ ihò yẹn ni afẹ́fẹ́ á máa gbà wọlé. Ẹ sì wo bó ṣe burú tó: bó bá ṣe ń jò ni wọ́n á máa mú un le sí i, bí wọ́n bá ṣe ń mú un le sí i náà ni etí á máa tẹ̀ sí i.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ yọ kábúrétọ̀, ẹ ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò tán, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rúlà irin lé ojú ìdí ẹ̀, láti etí kan dé ìkejì, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín, ó ti tẹ̀. Ẹni tó bá ní fílà géèjì, àwọn ewé irin tín-ínrín tí wọ́n fi ń wọn àyè, lè ti ewé tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù bọ̀ ọ́ láti mọ bó ṣe tó. Ẹ wá gíláàsì tó nípọn, ẹ tẹ́ sánpépà olómi 400 sórí ẹ̀, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ tàbí omi sí i. Ẹ fi máákà dúdú kun gbogbo ojú ìdí kábúrétọ̀ pátá, kẹ́ ẹ wá máa fà á lórí sánpépà yẹn pẹ̀lú ọwọ́ tó fúyẹ́, ẹ máa yí i bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8. Ẹ gbé e wò lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Etí méjèèjì á ti máa dán bí owó tuntun, àárín á ṣì dúdú kirikiri. Ẹ padà síbẹ̀. Dúdú yẹn á máa kéré sí i, á ku ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ihò ńlá ká, ìyẹn náà á wá parẹ́. Ìgbà yẹn ló tẹ́jú. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí iyanrìn sánpépà má baà kù sínú ihò kankan, tẹ́ ẹ bá ní atẹ́gùn kọ̀ǹpúrésọ̀ ẹ fẹ́ ẹ jáde. Iṣẹ́ yẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ara mi máa ń balẹ̀ tí mo bá ń ṣe é, mo lè máa ṣe é láìsọ̀rọ̀.

Ojú ti ẹ́ńjìnnì náà, ẹ fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò, òun kì í sábà tẹ̀ torí ó nípọn, ṣùgbọ́n ìpáàrà lè ti jẹ ẹ́ lójú.

Lára alùpùpù àti jẹnẹrétọ̀ kéékèèké, búlọ́ọ̀kù ike líle kan máa ń wà láàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, dúdú tàbí búráùn, bákẹ́láìtì làwọn kan ń pè é. Ẹ má yọ ọ́ sọ nù kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù rọ́pò ẹ̀ o, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru ló ń dí. Tí kò bá sí níbẹ̀, irin á gbé ooru ẹ́ńjìnnì wọ inú kábúrétọ̀, epo á máa hó nínú ìkòkò ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì pa á nígbà tó gbóná kò ní fẹ́ jí. Gásíkẹ́ẹ̀tì ń bẹ níwájú ẹ̀, òmíì ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n lè jọra ṣùgbọ́n ihò wọn lè má dọ́gba, ẹ máa ya fọ́tò wọn bẹ́ ẹ bá ṣe ń tú wọn. Níbi tó bá jẹ́ óríǹgì, ìyẹn òrùka rọ́bà, ló wà nínú kòtò yípo, kò nílò ohunkóhun ju ọ́ìlì tàbí gíríìsì tín-ínrín tó máa mú un jókòó sáyè ẹ̀. Òun ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ tó bá ti pẹlẹbẹ.

Nọ́ọ̀tì wá ńkọ́? Bóòtù 6 mìlímítà tó wà lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré, nǹkan bíi 10 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń yí nọ́ọ̀tì) ti tó o, ìwé ẹ́ńjìnnì yín ló máa sọ èyí tó péye. Ẹni tí kò ní sípánà tó ń díwọ̀n, kó di sípánà kékeré mú níwájú, níbi tó sún mọ́ nọ́ọ̀tì, kó má di ìdí ẹ̀ mú, ọwọ́ ò ní lágbára débi tó máa tẹ etí kábúrétọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń fa afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kó wà ní síló, kẹ́ ẹ fi ike tó ń fọ́n omi wẹ́wẹ́ fọ́n omi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ yí i ká. Ibi tí síló bá ti yí ohùn padà, ibẹ̀ náà ni. Mo mọ̀ pé òògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń fọ́n sí i, ó sì máa ń tètè fi hàn jù omi lọ, ṣùgbọ́n iná ni nǹkan yẹn, ẹ́ńjìnnì gbóná, wáyà púlọ́ọ̀gì sì wà nítòsí. Èmi á kọ́kọ́ fi omi ṣe é. Tí omi ò bá fi nǹkan kan hàn, tí fífa ṣóòkù díẹ̀ sì ń mú ara ẹ́ńjìnnì balẹ̀, jẹ́ẹ̀tì síló ni kẹ́ ẹ lọ wò.

Ǹjẹ́ ìgbà kankan wà tí mo lè gbà kí nǹkan wà lójú gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn? Ó wà. Tí ojú máńfóòdù àtijọ́ bá ti ní ihò wẹ́wẹ́ tí ìpáàrà jẹ, tí kò sì ṣeé gbé lọ bá ẹni tó máa fi ẹ̀rọ tẹ́ ẹ, mo lè fi nǹkan tín-ínrín sí ìhà ibẹ̀ nìkan, kì í ṣe ìhà kábúrétọ̀. Kì í sì í ṣe silikóònù. Àwọn kan wà tí kì í gan, tó máa ń lẹ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ títí ayé, tí epo ò sì lè ṣe nǹkan kan fún. Hylomar tó ní àwọ̀ búlúù jẹ́ ọ̀kan, Rolls-Royce wà lára àwọn tó ṣe é jáde fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tẹ́ ẹ máa wá lára túùbù èyíkéyìí ni kó kọ ọ́ síbẹ̀ ní tààràtà pé pẹtiróòlù ò lè bà á jẹ́. Tí kò bá kọ ọ́, ẹ dá a padà. Ẹ fi ìka fà á bíi pé ẹ fẹ́ nù ún kúrò, ẹ jìnnà sí etí ihò, ẹ jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé gásíkẹ́ẹ̀tì lé e. Àwọn míì máa ń pa gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ sí gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ò bí mi nínú, kì í dí nǹkan kan ṣùgbọ́n gásíkẹ́ẹ̀tì á rọrùn láti ṣí lọ́jọ́ míì láìya.

Tó bá jẹ́ pé gọ́ọ̀mù ẹlòmíì lẹ bá níbẹ̀, ẹ má kánjú. Ẹ kọ́kọ́ fi àkísà tó mọ́ dí ihò ìwọlé ẹ́ńjìnnì kí ohunkóhun má jábọ́ sínú ẹ̀. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, irin kábúrétọ̀ rọ̀, ojú ọ̀bẹ kan péré ti tó láti ya ọ̀nà tuntun fún afẹ́fẹ́. Ike líle tẹ́ ẹ gé lẹ́nu bíi ṣísẹ́lì dáa jù. Ẹ ka gbogbo ẹ̀ kúrò, pẹ̀lú èyí tó wà ní inú ihò bóòtù, kẹ́ ẹ tó fa àkísà yẹn jáde, ẹ sì fà á pẹ̀lẹ́ kí ohun tó ti bọ́ sórí ẹ̀ bá a jáde.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tò ó tán, tẹ́ ẹ ti lò ó títí tó fi gbóná dáadáa, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kẹ́ ẹ tún fi sípánà yẹ nọ́ọ̀tì méjèèjì wò lẹ́ẹ̀kan. Gásíkẹ́ẹ̀tì bébà tuntun máa ń jókòó díẹ̀ tí ooru bá kọ́kọ́ kàn án, nọ́ọ̀tì lè ti dẹ̀ bíńtín. Ẹ mú un dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ má kọjá ibẹ̀.